Máàkì ọmọ mi ń já wálẹ̀, ó sì ń pe àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ̀rẹ́

Ìyá Ọmọ Kan kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọkùnrin mi pé ọmọ ọdún 14 láìpẹ́ yìí. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí àwọn dókítà sọ fún wa pé ó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ipò ọpọlọ tó máa ń mú kí ó ṣòro fún ènìyàn láti mọ ohun tí ẹlòmíràn ní lọ́kàn, tí ariwo àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì lè máa tètè ni ín lára. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ń kàwé, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó ìṣirò; láti kékeré ni ó ti máa ń ro nọ́ńbà ara ọkọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn bí a bá ń rìnrìn àjò. Ní ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, kò gba ohun tó kéré sí 80 nínú 100 rí nínú ìṣirò. Ní sáà tí a parí yìí, 46 ni ó gbà, olùkọ́ rẹ̀ sì kọ ọ́ sí ìwé èsì rẹ̀ pé kì í fọkàn sí iṣẹ́ mọ́, àti pé inú ń tètè bí i.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ilé-ìwé pè mí pé ó ti akẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan ṣubú. Mo bi í ní ohun tó fà á, ó ní òun kò mọ̀. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń fòòró rẹ̀, ó ní rárá. Nígbà tó di alẹ́, tí àwa méjèèjì jọ ń ká aṣọ, ni ó ṣàdédé sọ fún mi pé àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta a máa ní kí òun sín ọ̀gá ilé-ìwé jẹ, pé wọn a máa fi fóònù ká a sílẹ̀, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín títí. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní, "Ṣé ìwọ náà máa ń rẹ́rìn-ín?" Ó ní, "Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí ọ̀rẹ́ máa ń ṣe nìyẹn." N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún aṣọ kan ṣoṣo ká.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yìí ló ń já máàkì rẹ̀ wálẹ̀, àbí ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì? Ilé-ìwé ní kò sí ẹ̀sùn kankan tó dé etí àwọn.

Òǹkàwé Jẹ́jẹ́ kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé gbogbo iṣẹ́ ni máàkì rẹ̀ ti já, àbí ìṣirò nìkan? Aago mélòó ni wọ́n sì máa ń ṣe ìṣirò? Ẹ wo ìyẹn kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta kọ:

Ìyá wa, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Kò sí ẹni tí wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí nílé-ìwé. Olórí-òkúta ni wọ́n ń pe èmi fún odidi ọdún mẹ́rin, mo sì wà láàyè. Bí òbí bá ń dá sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn ọmọdé, ìgbà wo ni ọmọ náà yóò kọ́ bí a ti ń dúró fún ara ẹni? Ọmọ yín fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó lè jẹ́ pé ìṣirò ọdún yìí ló le ju ti èṣí lọ.

Àgbà Tó Ní In kọ:

Ẹ̀yin bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta ko ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi gan-an ní ọ́tísíìmù, ọmọ ọdún 29 sì ni mí. Ẹni tí wọ́n pè ní olórí-òkúta mọ̀ pé wọ́n bú òun. Ó mọ ẹni tó bú òun, ó sì mọ ẹni tí òun lè sá tọ̀ lọ. Ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tíì mọ̀ pé wọ́n ń bú òun, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ti ẹnì kan ṣubú tí kò sì lè sọ ìdí.

Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ ọdún 13 títí di 16, mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ àkókò ìsinmi wọ kíláàsì. Olùkọ́ á máa ṣàlàyé lójú pátákó, èmi á sì máa tún ohun tí wọ́n sọ fún mi níta gbọ́ nínú orí mi, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, kí n lè mọ èyí tó jẹ́ àwàdà àti èyí tí kì í ṣe àwàdà. Mo máa ń rántí ojú ẹni tó sọ ọ́, mo sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ta ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yẹn, ó sì máa ń gba gbogbo orí mi. Nígbà tí mo bá fi parí rẹ̀, wọ́n á ti pa pátákó rẹ́. Àwọn olùkọ́ mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé mò ń lá àlá ọ̀sán.

Ní ti ìbéèrè tí ẹ bi í, mà, ẹ má ṣe rò pé irọ́ ni ó pa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé ṣé wọ́n ń fòòró mi, rárá ni mo máa sọ, nítorí pé lójú mi, ẹni tí wọ́n ń fòòró ni ẹni tí wọ́n ń lù, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lù mí rí. Wọ́n kàn máa ń gbé báàgì mi pamọ́ lójoojúmọ́ ni, wọn a sì máa rán mi láti lọ béèrè ọ̀rọ̀ tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ẹ bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ rí: ta ló jókòó tì ọ́, kí ló sọ, kí lo ṣe, kí ni òun náà wá ṣe lẹ́yìn náà? Ẹ ó gbọ́ ohun tí yóò yà yín lẹ́nu.

Tíṣà Ìṣirò kọ:

Mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò fún ọdún 22, ìtìjú ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ fún mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní kíláàsì mi, ọ̀dọ́langba tó ní ọ́tísíìmù, tó máa ń ṣàdédé dì etí mú, tí á sì pariwo bí mo bá ti kọjú sí pátákó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lé e jáde. Ní ọjọ́ kan, gègé bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, n kò sì tètè nàró. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Àwọn mẹ́fà tó jókòó yí i ká ń tẹ orí bíìrò wọn, kẹ́-kẹ́, kẹ́-kẹ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọ̀kan ń gbà á lọ́wọ́ èkejì. Létí tèmi, ohùn náà kò tó nǹkan. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé kò lè fara da ohùn yẹn, wọ́n sì mọ̀ pé bó bá pariwo, òun nìkan ni ojú mi máa tó.

Ohun tó yàtọ̀ nínú fífòòró irú àwọn ọmọ yìí nìyẹn, Bàbá Ọmọ Mẹ́ta. Àwọn yòókù máa ń wá ibi tí ara ti ń ni ọmọ náà, bóyá ariwo ni, bóyá òórùn ni, bóyá kí wọ́n kàn ṣí ìwé rẹ̀ kúrò níbi tó tò ó sí, wọn a sì máa tẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bú jáde. Àwa àgbà kì í rí títẹ̀ náà, bíbú jáde nìkan là ń rí. Ìwé ìjìyà kún fún orúkọ ọmọ náà, orúkọ àwọn mẹ́fà kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ìgbà tí mo lé e jáde, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà fò ó. Èmi ni mo kọ́kọ́ já máàkì ọmọ yẹn wálẹ̀.

Ohun mìíràn tún ni iṣẹ́ àjọṣe. A máa ń sọ pé, "Ẹ yan ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣe é," a ó sì yíjú padà. Ẹ bá mi ro ohun tí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn máa ń jẹ́ fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò yàn.

Afìṣemọ̀rònú kọ:

Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ni mí, àwọn ọ̀dọ́langba ni mò ń bá ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ fi ìwádìí díẹ̀ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Dan Olweus, ẹni tó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ìfòòró ní Norway láti àwọn ọdún 1970 wá, fi àmì mẹ́ta ya ìfòòró sọ́tọ̀ kúrò lára ìjà lásán: ẹni tó ń ṣe é ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó ń ṣe é léraléra, agbára òun àti ẹni tó ń ṣe é sí kò sì dọ́gba. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ní kí ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí kọ́kọ́ mọ̀, tàbí kí ó sunkún. Bí àwọn mẹ́ta bá ń ká ọmọ kan sílẹ̀ lójoojúmọ́ láti fi rẹ́rìn-ín, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún 2012, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó lo ọ̀rọ̀ òbí àwọn ọ̀dọ́langba 920 tó ní ọ́tísíìmù: nǹkan bí 46 nínú 100 nínú àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń fòòró. Àwọn tó lè bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ dé ìwọ̀n kan, tí wọ́n sì ń jókòó pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ nínú kíláàsì, ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí jù, ìyẹn irú ọmọ yín gan-an, mà. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ mìíràn kó ìwádìí 17 pọ̀, wọ́n sì bá 44 nínú 100. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é jù, lílù kò tó o. Ẹ fi sọ́kàn pé nínú irú iṣẹ́ báyìí, ohun tí òbí sọ àti ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ kì í sábà bá ara wọn mu.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe di gbogbo ẹrù lé ẹ̀yìn ìfòòró nìkan. Máàkì ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè já nítorí pé kíláàsì tuntun ń pariwo, nítorí pé olùkọ́ yí padà, nítorí àìsùn, tàbí nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n ń fún un báyìí ní ìpele púpọ̀ tó gbọ́dọ̀ tò fúnra rẹ̀. Ní Australia, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008 lórí àwọn ọmọ kéékèèké tó ní ọ́tísíìmù rí i pé àwọn tí kò lè ya ohùn olùkọ́ sọ́tọ̀ kúrò nínú ariwo ni iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wọn ń rẹ̀yìn jù. Ìfòòró máa ń wá gun orí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ni: ọmọ tó ti ń fi agbára púpọ̀ gbọ́ ohùn olùkọ́ wá tún ń ṣọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta kọ:

Mo ti gbọ́ tẹnu yín, ọ̀rọ̀ bíìrò yẹn sì wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí ọmọ tí wọ́n tì ṣubú. Òun náà ní òbí. Ṣé ọ́tísíìmù yóò máa bo gbogbo ohun tí ọmọ yìí bá ṣe mọ́lẹ̀ ni?

Afìṣemọ̀rònú kọ:

Ìbéèrè tó tọ́ ni, sà. Nínú ìwádìí ọdún 2016 tí mo sọ, nǹkan bí 10 nínú 100 àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ni wọ́n ń fòòró ẹlòmíràn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹni mímọ́ ni gbogbo wọn. Kí wọ́n bá a wí pé a kì í ti ènìyàn ṣubú, ó dára, kí wọ́n sì sọ ọ́ kedere. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ibi tí ó ti tì í, kí wọ́n sì parí rẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá Ọ̀dọ́mọbìnrin kọ:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ó yàtọ̀. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin mi, máàkì rẹ̀ kò já rárá, ńṣe ni ó ń gòkè. Ó máa ń wo bí àwọn ọmọbìnrin yòókù ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń mi orí, bí wọ́n ṣe ń sọ "háà", á sì tún un ṣe níwájú dígí títí yóò fi jọ tiwọn. Wọ́n ṣì ń yọ ọ́ sílẹ̀ nínú ohun gbogbo. Ó bá fara mọ́ ìwé, ó ní ìwé kì í yí ojú sókè síni. Inú ilé-ìwé ń dùn sí wa. Bó bá ti wọlé dé, á dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, kò ní lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn fún wákàtí méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, kò lè wọ èkejì. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún nìyí tí kò lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tó bá ń dúró de máàkì kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ yóò pẹ́ bí mo ṣe pẹ́.

Ìyá Ọmọ Kan kọ:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá Ọ̀dọ́mọbìnrin, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kú ìrọ́jú o.

Mo ṣe ohun tí Òǹkàwé Jẹ́jẹ́ sọ. Mo tẹ́ gbogbo ìwé iṣẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, mo sì gbé ìwé àkókò ẹ̀kọ́ tì í. Lọ́dún tó kọjá, ìṣirò ni wọ́n fi ń ṣí ọjọ́, lójoojúmọ́. Ní ọdún yìí, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú nìkan ló kù ní àárọ̀. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti Ọjọ́bọ̀ àti ti ọjọ́ Ẹtì bọ́ sí ẹ̀yìn ìsinmi gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ Ajé mọ́ tónítóní, mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò kọ déètì, yóò kọ àkọlé, yóò fi rúlà fàlà sí i, yóò kọ ìbéèrè kìíní dé àárín, á sì dúró síbẹ̀. Lójú ìwé kan, ó fi pẹ́ńsù tẹ ibi tó dúró sí náà tó bẹ́ẹ̀ tí ihò rẹ̀ fi dé ojú ìwé kẹta.

Ọjọ́bọ̀ kan wà tó ṣe gbogbo iṣẹ́ tán, tó sì gbà gbogbo rẹ̀. Mo bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ sí ibi ìdíje eré ìje. Mo jókòó nìkan. Ibẹ̀ dákẹ́."

Tíṣà Ìṣirò kọ:

Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́, mà, ṣùgbọ́n ó tó láti fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má ṣe mú ẹ̀sùn lásán lọ. Bí ẹ bá sọ pé wọ́n ń fòòró ọmọ mi, wọn yóò ní àwọn máa wádìí, ibẹ̀ ni yóò sì parí sí. Ẹ kọ déètì, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, wákàtí rẹ̀, àti máàkì iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi àwòrán ojú ìwé méjì yẹn tì í. Ẹ béèrè pé olùkọ́ wo ló máa ń wà níta ní àkókò ìsinmi, ibo ló sì máa ń dúró sí. Ẹ béèrè fídíò náà, kí wọ́n pa á rẹ́ lórí gbogbo fóònù tó wà.

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ pe ọmọ yín àti àwọn mẹ́ta náà jókòó kojú ara wọn kí wọ́n parí ìjà, ẹ sọ pé rárá. Ìjà kọ́ ni. Àwọn mẹ́ta yóò sọ pé eré ni, ọmọ yín yóò sì gbà pé eré ni.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń wòran. Ní Finland, Christina Salmivalli àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn láti ọdún 1996 pé ìfòòró kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì: àwọn kan ń bá wọn dá sí i, àwọn kan ń fi ẹ̀rín tì wọ́n lẹ́yìn, àwọn kan ń yẹra, díẹ̀ ló sì ń gbèjà. Ní kíláàsì mi, bíìrò náà kò dáwọ́ dúró nígbà tí mo jẹ àwọn mẹ́fà níyà. Ó dáwọ́ dúró nígbà tí méjì nínú wọn sọ pé kò pa àwọn lẹ́rìn-ín mọ́.

Àgbà Tó Ní In kọ:

Mo fẹ́ fi nǹkan méjì kún un. Wọ́n máa ń yọ̀ǹda fún irú wa pé ká máa lo àkókò ìsinmi ní yàrá ìkàwé. Bí ó bá jẹ́ òun ló yàn án, ó dára púpọ̀. Bí wọ́n bá kàn tì í síbẹ̀, a jẹ́ pé òun ni wọ́n jẹ níyà.

Èkejì ni pé àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni ọ̀rẹ́ tó ní lójú ara rẹ̀. Bí ẹ bá gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ohun tí ẹ fi dípò, yóò ṣọ̀fọ̀ wọn. Ẹ wá ibi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ràn nọ́ńbà ti ń pàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ méjì péré ni wọ́n. Ọmọ ọdún 14 ni, nítorí náà ẹ sọ òótọ́ fún un ní gbangba, ẹ má fi òwe sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan kọ́ mi ní ìdánwò kékeré kan nígbà yẹn, ó sì wúlò fún mi títí di òní: bí wọ́n bá ní kí o ṣe é, sọ pé, "N kò ní í ṣe é lónìí," kí o sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ yóò ṣì jókòó. Kí àgbàlagbà kan wà nítòsí ní ọjọ́ tó bá fẹ́ dán an wò, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta kọ:

Mo bi àbíkẹ́yìn mi ní alẹ́ àná bóyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní kíláàsì wọn. Ó ní ó wà. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe fún un. Kò dá mi lóhùn. A ṣì ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ nílé wa.

Ìyá Ọmọ Kan kọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà:

Mo ṣèlérí pé n ó padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ilé-ìwé kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní ọmọdé ni wọ́n. Nígbà tí mo gbé ojú ìwé ọjọ́ Ajé àti ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sórí tábìlì, igbákejì ọ̀gá fi ìka tọ́ ihò pẹ́ńsù yẹn, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti pa fídíò náà rẹ́, méjìlá ni wọ́n bá. Wọ́n yí ìjókòó kíláàsì padà, olùkọ́ kan sì ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n máa ń kó jọ sí. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń bá ọmọbìnrin kan láti kíláàsì tó ga ju tiwọn lọ yanjú àdììtú nọ́ńbà. 61 ni ó gbà nínú ìdánwò tó ṣe kẹ́yìn. Kò tíì dé 80, n kò sì bi í nípa rẹ̀.

Ó ti dán ohun tí ẹ sọ wò, Àgbà Tó Ní In. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, olùkọ́ náà sì wà nítòsí. Ó ní, "N kò ní í ṣe é lónìí." Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, láìfi nǹkan kan kún un. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, "Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn kì í ti í ṣe ọ̀rẹ́ mi, àbí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?" Mo sọ òótọ́ fún un pé n kò mọ̀. Ó ronú sí i títí a fi jẹun alẹ́ tán. Ó wá ní òun yóò ka á sí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí pé ọjọ́ yẹn ni òun ní ẹ̀rí.